Ta Ni Yóò Tú Èèwọ̀ Náà?

Kò sí ohun tó rọrùn láti sọ fún aláìsàn bíi "má jẹ." Kò ná ẹni tó sọ ọ́ ní kọ́bọ̀. Kò ní ká ra oògùn, kò ní ká wọkọ̀ lọ sí ọsibítù, kò tilẹ̀ ní ká mọ ohunkóhun nípa àìsàn tó ń ṣe ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó sọ ọ́ á padà sílé, á jókòó ti ọbẹ̀ tirẹ̀, á jẹun yó. Ẹni tí wọ́n sọ ọ́ fún ni yóò máa gbé e kiri, lọ́dún yìí, lọ́dún tó ń bọ̀, títí ìgbà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ kí á jọ rò nìyí: ẹni tó bá ka oúnjẹ léèwọ̀ fún aláìsàn, gbèsè wo ló jẹ aláìsàn náà?

Èèwọ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó ń bọ Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ìdílé kan wà tí wọn kì í fẹnu kan òkété, òmíràn kì í jẹ irú ẹyẹ kan. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: èèwọ̀ bẹ́ẹ̀ ní baba, ó ní ìyá. A mọ ibi tó ti wá, ìtàn wà tó sọ ìdí rẹ̀, gbogbo agbo ilé ló sì jọ ń pa á mọ́, tó fi jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa dà bí ẹni tí wọ́n lé nídìí àwo. Bí ẹnìkan bá ṣèèṣì jẹ ẹ́, ètùtù wà. Èèwọ̀ tí à ń kà fún aláìsàn lóde òní kò ní ọ̀kankan nínú gbogbo ìyẹn. Ẹnikẹ́ni ló lè kà á. Aláìsàn nìkan ni yóò pa á mọ́. Kò sì ní ọjọ́ tí yóò parí.

Àìsàn tó gbé wa dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí ni Crohn. Ara àwọn àìsàn ìfun wíwú ni. Méjì ló gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ni ulcerative colitis, tí Samuel Wilks, dókítà kan ní London, kọ nípa rẹ̀ ní 1859. Ìfun ńlá nìkan nìyẹn máa ń bá jà. Èkejì ni Crohn, tó lè mú ibikíbi láti ẹnu títí dé ihò ìdí. Ara orúkọ dókítà Burrill Crohn ni wọ́n ti mú orúkọ rẹ̀. Òun àti Leon Ginzburg pẹ̀lú Gordon Oppenheimer ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1932, ní ilé ìwòsàn Mount Sinai ní New York. Nínú àìsàn méjèèjì, àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa lé kòkòrò àrùn, ló dojú ìjà kọ ìfun onílé. Ìfun á wú, á pọ́n, á dégbò. Inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru, ẹ̀jẹ̀, àárẹ̀ tí oorun ò lè mú kúrò, kí èèyàn máa rù bí ẹni pé nǹkan ń jẹ ẹ́ láti inú. Kì í ràn. Kò tíì sí oògùn tó ń lé e lọ pátápátá, àmọ́ oògùn wà tó ń tẹ̀ ẹ́ rì fún oṣù púpọ̀, fún ọdún púpọ̀ nígbà mìíràn, kó tó tún jí.

Kí la jẹ tó fà á? Kò sí àwo ọbẹ̀ kan tí a lè nàka sí. Ohun tí a jogún wà níbẹ̀, àwọn kòkòrò tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń gbé inú ìfun wà níbẹ̀, àyíká àti bí ayé ṣe ń jẹun nísinsìnyí wà níbẹ̀. Gbogbo wọn ló lọ́ pọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa máa padà sí.

Àbúrò wa ọkùnrin ló mú, níbí nílùú Ọba. Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó mọ orúkọ rẹ̀. Kí wọ́n tó mọ̀, àwọn ará ilé ní Abẹ́òkúta ti fún un ní orúkọ tiwọn: jẹ̀díjẹ̀dí. Ta ni Yorùbá tó máa gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ ń bá ìgbẹ́ jáde tí kò ní pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí? Bí wọ́n bá sì ti pè é bẹ́ẹ̀, èèwọ̀ rẹ̀ ti wà nílẹ̀: kò gbọdọ̀ fẹnu kan ohun dídùn. Màmá wa ló kọ́kọ́ kà á. Súgà kúrò, bísíkíìtì kúrò, mílíkì kúrò. Àǹtí wa àgbà fi ata àti epo kún un, wọ́n sì ní kí á wá agbo fún un, agbo tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú èèyàn yàgbẹ́, fún ẹni tó ti ń lọ sí ilé ìyàgbẹ́ nígbà 11 lóòjọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ní kó má jẹ búrẹ́dì mọ́. Ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí WhatsApp, tí a ò mọ baba ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, ní ẹran pupa ló ń jẹ ìfun rà. Nígbà tí àyẹ̀wò wá jáde pé Crohn ni, dókítà kékeré kan tó ń kánjú sọ fún un kó yẹra fún oúnjẹ tó ní okun àti háhá. Kò sọ ìdí, kò sọ títí di ìgbà wo, ó ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ìwé kan ló wá parí ẹ̀. Ìyá kan tó ń jẹ́ Elaine Gottschall, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ulcerative colitis, ló sọ ọ̀nà ìjẹun kan di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Dókítà Sidney Haas ní New York ló kọ́kọ́ ń lò ó fún irú àìsàn mìíràn. Ọ̀nà náà kò fẹ́ ọkà kankan, kò fẹ́ súgà, kò fẹ́ ohun tó ní sítáàṣì. Ẹ tú u sí èdè ilé ìdáná wa kí ẹ wò ó: kò síṣu, kò sí gàrí, kò sí ìrẹsì, kò sí ẹ̀kọ, kò sí àmàlà, kò sí ọ̀dùnkún. Ohun tí òyìnbó máa pè ní "oúnjẹ díẹ̀ tí a yọ kúrò," lọ́dọ̀ tiwa, oúnjẹ ni.

A kì í fi ìyá yẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá ń ṣẹ̀jẹ̀ ò ní fọwọ́ lẹ́rán. Ohun tí a ń wí ni pé bí èèwọ̀ mẹ́fà ti ń ti ọwọ́ ẹni mẹ́fà wá, kò sí ẹnìkan nínú àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó mọ ohun tí àwọn márùn-ún yòókù sọ. Aláìsàn nìkan ló ń ṣe ìṣirò rẹ̀. Àbúrò wa gbà gbogbo rẹ̀, torí pé ẹ̀rù ń bà á, torí pé ó fẹ́ yè, àti pé bó bá kọ ti ẹnìkan tí àìsàn bá tún jí, wọn á ní òun ló fà á. Nígbà tó yá, ẹyin sísè, adìyẹ tí wọ́n sè láìsí iyọ̀ àti omi ló kù. Ó wọn kílò 71 nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀. Ó di 54.

Màmá wa wá láti Abẹ́òkúta láti wá tọ́jú rẹ̀. Ẹ̀lùbọ́ wà nínú àpótí wọn, irú wà níbẹ̀, ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀. Wọ́n ro àmàlà, wọ́n se gbẹ̀gìrì, wọ́n gbé e síwájú ọmọ wọn. Ó ní, "Ẹ ṣé, Mọ̀ọ́mì, mi ò lè jẹ ẹ́." Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn fi abọ́ mìíràn dé e. Oúnjẹ lọ̀rẹ́ àwọ̀, àwọn ni wọ́n máa ń wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ó jọ pé ohun tí wọ́n mọ̀ tí wọ́n fi ń jẹ́ ìyá ni wọ́n dá padà fún wọn. A mọ̀ pé kò sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń gbé ìyẹn jáde.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni à ń ṣe jẹun, ẹ jẹ́ kí á mú àkàwé kan wá láti ibẹ̀. Bí ètò kan kò bá ṣiṣẹ́ dáadáa, tí a ò mọ ibi tí àṣìṣe wà, ohun tí à ń ṣe ni pé ká fi àmì síwájú àwọn ìlà kọ́òdù kan, kí kọ̀ǹpútà máa fò wọ́n kọjá. Òfin méjì ló wà níbẹ̀ tí gbogbo ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Àkọ́kọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o máa pa á. Bí o bá pa ìlà 40 lẹ́ẹ̀kan náà tí àṣìṣe bá lọ, kí lo kọ́? Kò sí. Èkejì, ohun tí o pa nítorí àyẹ̀wò, o gbọ́dọ̀ tan án padà. Ẹni tó bá pa ìlà ogójì tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò tún ètò ṣe, ó kàn sọ ọ́ di kékeré ni. Lọ́jọ́ kan àwọn ènìyàn á dé, wọn á tẹ bọ́tìnnì, nǹkan kan ò ní ṣẹlẹ̀.

Ohun tó tún burú jù ni àṣìṣe tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn tó ń tọ́jú sẹ́fà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ á kú lọ́jọ́ Ajé, á jí fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ẹni tó bá sì fọwọ́ kan nǹkan lálẹ́ ọjọ́ Ajé á gbà pé òun lòun tún un ṣe. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Crohn. Ó ń sùn, ó ń jí, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá ka èèwọ̀ kan ní ọ̀sẹ̀ tó kù díẹ̀ kó sùn á di wòlíì. Èèwọ̀ rẹ̀ á sì dúró títí ayé, torí ta ló máa láyà láti yẹ̀ ẹ́ wò?

Ibí yìí ni onímọ̀ oúnjẹ ti wọlé, ẹni tí wọ́n ń pè ní dietitian. Oṣù márùn-ún la fi dúró kí a tó rí i. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó sì ní ìwé ẹ̀rí: ní Britain, òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣáà dìde kó pe ara rẹ̀ ní dietitian, àfi kí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Health and Care Professions Council. Nutritionist ni ẹnikẹ́ni lè pe ara rẹ̀. A rò pé yóò gbé ìwé èèwọ̀ tirẹ̀ jáde, èyí tó máa jẹ́ ìkeje. Ó gbé ìwé òfo jáde, ó ní kí àbúrò wa ka gbogbo ohun tí kì í jẹ. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan ó ń bi í ní ìbéèrè mẹ́ta kan náà: Ta ló ní kí o má jẹ ẹ́? Kí ló sọ pé ó fà á? Títí di ìgbà wo? Ìbéèrè kẹta yẹn, kò sí ìkankan tó ní ìdáhùn.

Ó wá béèrè ohun tó fẹ́ràn láti jẹ kí àìsàn tó dé. Àbúrò wa dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó jọ pé kò sẹ́ni tó bi í ní irú ẹ̀ rí láti ọdún kan.

Kí á sọ òótọ́, kò mọ àmàlà. Kò mọ ẹ̀bà, kò mọ ewédú. Ó ní kí a ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti dùn mọ́ wa. Fọ́tò tí wọ́n yà fi hàn pé ibì kan ti há ní ìparí ìfun kékeré àbúrò wa; ohun tó bá ní háhá tí kò rọ̀, tí ẹnu ò lọ̀ dáadáa, lè há síbẹ̀ kó dí ọ̀nà. Èèwọ̀ kan nìyẹn tó ní baba. Èso àgbàdo, ẹ̀pà, àgbọn, awọ funfun inú ọsàn, kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀wà ńkọ́? A ní ẹ̀wà tí a fi ń ṣe gbẹ̀gìrì, a ti bó èèpo rẹ̀, a ti sè é títí ó fi yọ́, a sì ti sẹ́ ẹ. Mọ́ínmọ́ín náà, a bó o, a lọ̀ ọ́. Àgbàdo ńkọ́? A ní ògì ni àgbàdo tí a rẹ, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a da èrí rẹ̀ nù. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kọ́ yín, ẹ ti ń ṣe é nílé." Àwọn ìyá wa ti ń yọ háhá kúrò nínú oúnjẹ kí ẹnikẹ́ni tó ya fọ́tò ìfun. Gbẹ̀gìrì tí màmá wa fi abọ́ dé lọ́jọ́ yẹn, oúnjẹ tó yẹ ìfun tó há ni.

Ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ìparí ìfun kékeré ni ara ti ń gba fítámì B12, ibẹ̀ gan-an ni Crohn wà lára tirẹ̀. B12 rẹ̀ kéré, áyọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré. Fítámì D rẹ̀ náà kò tó, bẹ́ẹ̀ ó ti ń lo prednisolone láti oṣù púpọ̀, oògùn tó ń jẹ eegun lẹ́yìn bó ṣe ń pa iná inú ìfun. Àwọn nǹkan tí ẹni mẹ́fà kà léèwọ̀, wàrà, ẹran, ẹja, ni ibi tí ara ì bá ti rí ohun tó ń wá. Ó ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń ní kó kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó bá rí i máa rò pé ọ̀gá òun ni.

Ó tún ṣe nǹkan kan tí inú àwọn olóúnjẹ-loògùn kò ní dùn sí. Àbúrò wa bi í bóyá bó bá ń jẹun bó ṣe yẹ, ó lè fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní rárá. Oúnjẹ òun kì í ṣe àrọ́pò oògùn. Oògùn ló ń pa iná, òun ń bá ara kó ilé tó ti jó.

Ẹnìkan lè sọ pé ohun tí a ń wí yìí ni pé èèwọ̀ kò dára. Ó tì o. Nínú ìmọ̀ yìí kan náà ni a ti rí èèwọ̀ tó le jù tí a gbọ́ rí. Fún ọmọdé tó ní Crohn, ìtọ́jú tí wọ́n kọ́kọ́ ń gbà nímọ̀ràn ni kí ọmọ náà má jẹ nǹkan kan rárá, kó máa mu oúnjẹ olómi tí wọ́n pò fún un nìkan, fún ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Kò sí búrẹ́dì, kò sí ẹran, kò sí kéèkì ọjọ́ ìbí. Ó sì ń ṣiṣẹ́: ó ń pa iná inú ìfun nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn, láìdí ìdàgbà ọmọ lọ́wọ́ bí oògùn prednisolone ṣe ń ṣe. Nítorí náà, ẹni tó kà á fún ọmọ kò ṣe ohun tó burú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Ìdí wà. Ọjọ́ tí yóò parí ti wà nílẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí yóò dípò oúnjẹ wà nínú ìgò, wọ́n ti wọn agbára inú rẹ̀. Onímọ̀ oúnjẹ ń pe ìyá ọmọ, ó ń wọn ọmọ, ó sì ti kọ bí oúnjẹ yóò ṣe padà. Èèwọ̀ tó le jù ló ní ẹ̀rí jù, òun náà ló tún ní ẹni tó ń tú u. Àwọn èèwọ̀ yẹpẹrẹ tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni kì í tán.

Ṣé bó ṣe le tó ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó? Rárá. Ní 2019, Arie Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí àwọn ọmọdé ní Ísírẹ́lì àti Kánádà: àwọn kan mu oúnjẹ olómi nìkan, àwọn kan mu ìdajì rẹ̀, wọ́n wá ń jẹ àwọn oúnjẹ kan tí wọ́n ṣà fún wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àwọn tó ń jẹun díẹ̀ ló fara dà á. Nínú àwọn olómi nìkan, nǹkan bí 3 nínú 4 ni. Ní 2021, ìwádìí mìíràn jáde ní Amẹ́ríkà, nínú èyí tí àgbàlagbà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 200 tó ní Crohn kópa. Wọ́n fi ọ̀nà Gottschall wé ọ̀nà ìjẹun àwọn ará etí òkun Mẹditaréníà, tó gba ọkà láyè, tó gba ẹ̀wà àti ẹja. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, ara tu ìdá 46.5 nínú ọgọ́rùn-ún lára àwọn ti Gottschall. Ti àwọn yòókù jẹ́ 43.5. Àwọn tó ṣe é ní kò sí ìyàtọ̀ tó ṣeé gbára lé. Bí ẹrù méjì bá ń gbé èèyàn dé ibì kan náà, tí ọ̀kan wúwo tí ìkejì fúyẹ́, ẹni tó bá mọ̀ tó sì tún gbé èyí tó wúwo lé aláìsàn lórí ti ṣẹ̀ ẹ́, bó ti wù kí ọkàn rẹ̀ mọ́ tó.

Ẹ jẹ́ kí á wá padà síbi tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn. Nígbàkigbà tí Crohn bá jí, ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi àbúrò wa ni "Kí lo jẹ?" Ìbéèrè ìfẹ́ ni lẹ́nu wọn. Létí rẹ̀, ẹjọ́ ni. Ó túmọ̀ sí pé ó ṣe é fún ara rẹ̀. Èèwọ̀ tí kò lópin ń bí ẹ̀bi tí kò lópin, torí bí ohun tí a kà léèwọ̀ bá ti pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí ọjọ́ tí aláìsàn ò ní rí nǹkan kan tó jẹ láti fi dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Ohun tí onímọ̀ oúnjẹ náà ṣe sí èyí ni a mọyì jù. Ó ya ohun méjì sọ́tọ̀ tí a ti ń dà pọ̀: ohun tó ń dun inú, àti ohun tó ń ba ìfun jẹ́. Sue Shepherd, onímọ̀ oúnjẹ kan ní Melbourne, àti Peter Gibson ti yunifásítì Monash ló ṣiṣẹ́ lórí àwọn súgà kan tó ń kan nínú ìfun, tó ń fa afẹ́fẹ́ àti inú rírun. Wọ́n wà nínú àlùbọ́sà, nínú ẹ̀wà, nínú búrẹ́dì. Wọ́n dán an wò ní King's College London lára àwọn tí àìsàn ìfun wọn ti sùn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2020: ara tu àwọn tó dín in kù, ṣùgbọ́n iná inú ìfun kò yí padà. Ìyẹn ni pé àlùbọ́sà lè dùn ọ́ mọ́jú láìdá egbò kankan sí ọ nínú.

Bí èèyàn bá ti mọ ìyàtọ̀ yìí, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ẹ̀ṣẹ̀. Àbúrò wa lọ sí òde ìgbéyàwó kan ní Peckham, ó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù tí ata rẹ̀ ń pa igún. Ó mọ̀ pé òru yẹn á gùn. Ó gùn lóòótọ́. Àwa tó kù náà mu ọtí lóde yẹn, orí fọ́ wa lọ́jọ́ kejì, kò sì sẹ́ni tó pè wá jókòó láti bi wá léèrè. Aláìsàn kò tíì dáwọ́ ẹni tó lè yan ìrora kékeré nítorí ayọ̀ dúró. Bí a bá gba ẹ̀tọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ ní orúkọ ìtọ́jú, kí la ń tọ́jú gan-an? Ẹnìkan nínú wa kò fara mọ́ èyí. Ó ní ẹni tí à ń gbé lọ sí ọsibítù láàárín òru ò lè ní òmìnira tí kò kan ẹni tó ń wa ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúwo. A kò tíì yanjú ẹ̀ tán.

Ní 2009, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ gbé ìlànà ìtọ́jú àìsàn ìfun wíwú kalẹ̀ ní Britain, onímọ̀ oúnjẹ wà lára àwọn tí wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú aláìsàn. Orí ìwé nìyẹn. A ti sọ iye oṣù tí àwa fi dúró. Nílé, ọ̀nà jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ikọ́ ẹ̀gbẹ inú ìfun jọ Crohn débi pé dókítà tó mọṣẹ́ náà lè ṣi ọ̀kan mú fún èkejì, àwọn èèyàn sì gbà pé àìsàn òyìnbó ni. Onímọ̀ oúnjẹ wà ní àwọn ọsibítù ńlá wa, ṣùgbọ́n àwọn alátọ̀gbẹ ni wọ́n sábà máa ń darí sí wọn. Ẹni tí ìfun ń bá jà ní Abẹ́òkúta á máa gba èèwọ̀ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá kọjá, kò sì ní sí ẹnikẹ́ni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti tú u.

Kí ló kù fún irú ilé bẹ́ẹ̀? A ò lè di onímọ̀ oúnjẹ nípa kíka nǹkan, a ò sì gbọ́dọ̀ díbọ́n. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta yẹn kò gba ìwé ẹ̀rí. Àbúrò wa lẹ ìwé kan mọ́ ara fíríìjì: ẹni tó bá ní kó má jẹ nǹkan kan yóò kọ orúkọ ara rẹ̀ síbẹ̀, yóò kọ ìdí, yóò kọ ọjọ́ tí a óò tún un yẹ̀ wò. Onímọ̀ oúnjẹ náà ló kọ́kọ́ kọ tirẹ̀: àgbàdo, ẹ̀pà, àgbọn, awọ inú ọsàn, ibi tó há, títí wọ́n á fi ya fọ́tò míì lóṣù kẹsàn-án. Màmá wa kọ súgà, wọ́n rò ó títí, wọ́n fi ọ̀sẹ̀ méjì sí i, wọ́n sì fagi lé e fúnra wọn nígbà tó pé. Kílò rẹ̀ ti di 63.

Àǹtí wa àgbà fi ohùn ránṣẹ́ láti ilé pé ata ni kó má fẹnu kàn. A bi wọ́n pé títí di ìgbà wo. Wọ́n ní títí Jésù á fi dé. A bá wọn kọ ọ́ síbẹ̀, a sì kọ orúkọ wọn síwájú ẹ̀.